Ọjọ́ Tí Ike Tàn ní Yábàá

Títí di òní, bí mo bá gba ibi tí wọ́n ti ń fín ọ̀dà sára mọ́tò kọjá ní Muṣin, òórùn tínà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà máa ń gbé mi padà sí yàrá ìwádìí kékeré kan ní yunifásítì ní Yábàá, níbi tí mo ti lọ kàwé kún ìwé lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì. Àárín àwọn ọdún 1990 ni. Irú òórùn bẹ́ẹ̀ ló wà lára omi tí a fi ń yọ́ ike. Kì í ṣe ike bókẹ́ẹ̀tì o. Ike àrà ọ̀tọ̀ ni, èyí tó máa ń tàn bí iná bá gba inú rẹ̀ kọjá.

Àǹtí tó ṣáájú mi níbẹ̀ ló ni ìwádìí náà. Èmi kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Ẹ̀kán omi ike kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù nínú ìgò. Bí kò bá tàn lọ́jọ́ náà, àfi kí Àǹtí wá iṣẹ́ mìíràn fi gboyè. A ti fara balẹ̀ dúró de ọyẹ́, torí ọ̀rinrin Èkó máa ń tètè ba ike yẹn jẹ́. A sì ti fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, torí oòrùn náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àǹtí kán omi ike náà sórí awo gíláàsì tí mọ́tò fáànù ń yí bí òòyì, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, ó fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ. A fi alumíníọ̀mù bo ẹ̀yìn rẹ̀, a wá so ó mọ́ àwọn bátìrì tọ́ọ̀ṣì tí a tò pọ̀.

A wò ó títí. Kò tàn.

"Tíṣà, ó ti tán." Àǹtí jókòó, ó káwọ́ lérí.

Kí n tó rí ọ̀rọ̀ ìtùnú sọ, wọ́n mú iná lọ. Gbogbo ilé náà kígbe "Áà!" lẹ́ẹ̀kan náà. Inú òkùnkùn yẹn ni mo ti rí i, ó kéré, ó dúró jẹ́ẹ́, àwọ̀ ọsàn tó ń pọ́n bọ̀. Iná ọ̀pá tó wà lókè orí wa ló ti bò ó mọ́lẹ̀ látẹ̀yìnwá!

"Àǹtí, ẹ wò ó!"

"Yéè! Ó ń tàn! Tíṣà, ó ń tàn!"

A dì mọ́ra, a ń fò sókè. Ọ̀gbẹ́ni kan yọjú láti yàrá kejì. "Ẹ̀yin wọ̀nyí, ṣé orí yín pé ṣá? Wọ́n mú iná lọ, ẹ̀ ń jó!"

Kò pẹ́, iná dé. Bí gbogbo ilé ṣe ń hó yè, àwa méjèèjì ń pariwo pé, "Ẹ pa á! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á!"

Ike náà kò tàn pẹ́, ṣùgbọ́n ó tó fún wa láti wọn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, Àǹtí sì gboyè. Èmi padà sí kíláàsì mi. Títí mo fi fẹ̀yìn tì, bí ọmọ kan bá dákẹ́ rọ́rọ́ láàárín àwọn aláriwo, n kì í tètè pè é ní olódo. Màá ní kí àwọn yòókù sinmi ariwo ná, kí n tún un wò.