Ampilifáyà Tí Kò Fọhùn ní Taradale

Ọkùnrin kan wà ní Taradale, ládùúgbò kan nílùú Calgary lókè òkun, tó ń jẹ́ Mùhámmẹ́d Abọ́dẹrìn. Forklift ló fi ń gbé ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan nítòsí pápá ọkọ̀ òfurufú. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí kò bá yé e kì í jẹ́ kó jókòó. Lọ́dún tó kọ́kọ́ dé Calgary, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ya fọ́tò nínú snow, òun gbé abọ́ omi síta, ó dúró tì í kó lè mọ ibi tí omi ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Etí abọ́ ni. Rafiat, ìyàwó rẹ̀, ní kó wọlé kí omi tó kọ́ ọ ní dídì.

Basement, yàrá abẹ́ ilé, ni wọ́n ń gbé, àwọn àti Bilqis ọmọ wọn. Àyè ibẹ̀ kò tó nǹkan. Síbẹ̀, nígbà tí Abọ́dẹrìn lọ sí Ìbàdàn kẹ́yìn, kò kó aṣọ bọ̀. Ampilifáyà rẹ̀ àtijọ́ ló fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé bí ọmọ tuntun, tó kì bọ inú báàgì. Ìgbà tó jẹ́ àpọ́n ní Òkè-Àdó ló rà á. Nígbà tó dé, ó gé orí wáyà rẹ̀, ó fi orí tó bá sọ́kẹ́ẹ̀tì ibí mu rọ́pò rẹ̀, ó sì so ó mọ́ iná. Iná pupa kékeré tó wà níwájú rẹ̀ tàn. Ohùn kankan kò jáde.

Rafiat fún un láyè di ọ̀sán Sátidé. Ọláfẹ́mi, àbúrò kan tó ń bá Abọ́dẹrìn ṣiṣẹ́, ń bọ̀ wá fi ọkọ̀ rẹ̀ kó àlòkù ilé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń gba irú wọn. Bí ampilifáyà náà kò bá tíì fọhùn, yóò bá wọn lọ.

"Daddy Bilqis, mo ti ní sùúrù tó," ni Rafiat wí. "Nǹkan tó gba gbogbo orí tábìlì tí kò sì sọ̀rọ̀, kí lẹ pè é?"

"Àlejò."

"Àlejò máa ń lọ."

Láàárọ̀ Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ, Abọ́dẹrìn yọ wáyà rẹ̀ kúrò nínú iná, ó ní kó sinmi dáadáa, ó tú ìdérí rẹ̀. Kò kọ́ṣẹ́ rẹ́díò rí. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ó fi imú gbóòórùn rẹ̀, nítorí ohun tó bá jóná a máa rùn. Kò rùn. Ó wo fíùsì, kò já. Ó gbé e lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná, ó tún yọ wáyà àwọn sípíkà kúrò lára rẹ̀, bóyá àwọn ló ń dí i lọ́wọ́. Bákan náà ni. Ó fi mítà wọn iná ilé: fóòtì méjìdínlọ́gọ́fà. Bí iná ṣe máa ń rí ní Calgary nìyẹn; iná ilé kò ní àrùn.

Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé, ní Ìbàdàn, bí ó bá tẹ súwíìṣì, ampilifáyà yìí á kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀, nǹkan kan á wá dún kó nínú rẹ̀, ohùn á sì dé. Báyìí, ó dákẹ́, ìró kó náà kò dún.

Bilqis ń kọjá lọ mu omi. "Daddy, just get a Bluetooth speaker."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ìyẹn. Kí ló ń ṣe é?"

"I don't know. It's old?"

"Èmi náà ti dàgbà, mo ṣì ń sọ̀rọ̀."

"Barely, Daddy."

Rafiat rẹ́rìn-ín láti ìdí ààrò. Ó wá gbé ife rẹ̀ lórí tábìlì, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára iná pupa náà.

"Iná yìí mà ń ṣojú oorun. Ó jọ ti Òkè-Àdó nígbà tí wọ́n bá fún wa ní half current."

Half current ni iná tí kò kún, tí gílóòbù á pọ́n bí ẹyìn ọ̀pẹ, tí fáànù á máa yí bí ẹni tó ń ronú. Abọ́dẹrìn fi í rẹ́rìn-ín.

"Half current, ní Calgary?"

"Mi ò sọ pé Calgary ni. Nǹkan yẹn ni mo ń sọ."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó yí ampilifáyà náà padà, ó ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀: fóòtì igba ó lé ogún. Ó wo mítà. Ó tún wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ìdajì oúnjẹ rẹ̀ ló ń jẹ níbí."

"Ebi ń pa á nìyẹn."

"Orí wáyà ni mo pààrọ̀. Mi ò rántí ikùn."

"Kí wá ni ọ̀dà dúdú ẹ̀yìn rẹ̀ yẹn?" Rafiat na ìka sí i.

Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn atúnrẹ́díòṣe Ìbàdàn ni. Súwíìṣì kékeré kan máa ń wà lẹ́yìn irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tí a fi ń yàn bóyá iná ńlá bíi ti Ìbàdàn ni yóò jẹ tàbí iná kékeré bíi ti Calgary. Bí ọmọdé bá fọwọ́ tì í sí kékeré ní Òkè-Àdó, èéfín ló kù. Nítorí náà, bí ènìyàn bá ti ra tuntun, ọ̀dọ̀ atúnrẹ́díòṣe ló ń gbé e lọ kó bá a fi ọ̀dà dí i. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dí ti Abọ́dẹrìn, kò rò ó mọ́.

Ó yọ wáyà kúrò nínú iná, ó mú ọ̀bẹ.

"Ọ̀bẹ mi kọ́ lẹ máa fi họ ọ́," ni Rafiat wí.

Ó lọ mú òmíràn. Ó ń họ ọ̀dà náà díẹ̀díẹ̀ títí súwíìṣì fi yọjú, ó sì tì í sí ibi iná kékeré. Rafiat ní kó tàn án wò. Ó kọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ náà pé bí iná bá jẹ́ kékeré, fíùsì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni kí wọ́n fi sí i.

"Kí ló dé tí iná kékeré á fi gba fíùsì ńlá?" ni Rafiat bi í.

"Tí ṣíbí bá kéré, ọwọ́ á yá sí ẹnu. Ìdí nìyẹn tó fi ń fa iná púpọ̀."

Ó wakọ̀ lọ sí ilé ìtajà kan ní Sunridge lọ ra fíùsì. Nígbà tó fi máa dé, ọkọ̀ Ọláfẹ́mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, àga tó ti ṣẹ́ àti bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ ti wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Mọ́mì Bilqis ní ó ku rẹ́díò kan."

"Kì í ṣe rẹ́díò. Dúró díẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, snow ń bọ̀ o."

"Ó mọ ilé wa. Dúró."

Ọláfẹ́mi dúró pẹ̀lú ibọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Abọ́dẹrìn fi fíùsì sí i, ó dé ìdérí, ó so sípíkà mọ́ ọn, ó so fóònù rẹ̀ mọ́ ọn, ó tẹ súwíìṣì. Iná pupa náà tàn yòò bí ata. Ampilifáyà náà kò sọ̀rọ̀. Ọláfẹ́mi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ibọ̀wọ́ rẹ̀ padà.

Kó.

Orin àpàlà kan bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ kún basement náà dé igun, ife orí tábìlì sì ń gbọ̀n. Bilqis yọjú láti yàrá rẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Rafiat yí padà sí Ọláfẹ́mi.

"Máa lọ, àbúrò mi. Èyí tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ti tó."

Abọ́dẹrìn ò gbọ́ wọn. Ó ti tẹ etí mọ́ ìdérí náà. Ó pa á. Ó tàn án padà. Ó dúró, ó gbọ́ ìró kó, ó tún pa á.

"Kí ló tún ṣe é?" ni Rafiat bi í.

"Kò ṣe nǹkan kan. Kí ló ń dúró dè kó tó dún ni mo fẹ́ mọ̀."

"Daddy Bilqis, ẹ jẹ́ ká gbọ́ orin náà tán ná."