Àdàbà Tó Yadi Lọ́wọ́ Ọ̀gá Teng

Nígbà tí Mayakee ṣì ń ṣiṣẹ́ oko rọ́bà nílùú Chana, eré lásán ni àdàbà jẹ́ fún un. Láàárọ̀, bó bá ti fi okùn fa àgò gòkè orí òpó, á tàka lẹ́ẹ̀mejì, Sutera, àdàbà rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ orin. Àwọn aládùúgbò a máa gbé tíì wọn kalẹ̀ gbọ́ ọ. Àwọn náà ló ń tì í pé ohun tó lè sọ èèyàn dolówó ló fi ń ṣeré. Mayakee gbọ́ tiwọn, ó fi oko rọ́bà sílẹ̀, ó di ẹni tó ń ta àdàbà.

Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé èyí téèyàn fẹ́ràn jù ni oníbàárà máa ń nàka sí. Ọ̀gá Teng, oníṣòwò kan láti ìlú Hat Yai, ló ra Sutera. Àfi bí ẹyẹ ṣe délé rẹ̀ tó yadi. Ọ̀gá Teng ní bí kò bá kọrin níbi ìdíje orin àdàbà ọjọ́ Sátidé, òun á dá a padà, gbogbo ayé á sì gbọ́ pé ẹyẹ odi ni Mayakee ń tà.

Saripah ìyàwó Mayakee ní kó tètè lọ síbi ìdíje náà. "Bàbá Asma, bọ́jà yìí bá bàjẹ́, kí la fẹ́ máa jẹ? Ìyẹ́?"

Ní pápá ìdíje, gbogbo ẹyẹ orí òpó ló ń kọrin, àyàfi Sutera. Orí Mayakee dàrú. Bó bá tàka, ẹyẹ á kọrin, á sì lọ títí láé. Bó bá káwọ́ gbera, ẹyẹ á padà wálé, òwò á kú. Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Nígbà tí àwọn onídàájọ́ ń bọ̀ lápá ibẹ̀, ó rántí ọ̀rọ̀ Saripah, ó tàka lẹ́ẹ̀mejì.

Sutera kọrin. Ọ̀gá Teng gbá Mayakee lẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá Asma, àbúrò Sutera tó wà nílé yín ńkọ́? Ẹ má tà á fẹ́lòmíì o."

Saripah ń retí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣó kọrin?"

"Ó kọrin."

"Ta ló wá kú tójú yín fi rí báyìí?"

"Èmi gan-an ò mọ̀."

Kò sì mọ̀ lóòótọ́. Inú rẹ̀ dùn, ó sì ń dùn ún.

Lọ́jọ́ kejì, ó fa àgò àbúrò Sutera gòkè. Ẹyẹ na ọrùn, ó ń wò ó. Mayakee gbọ́wọ́ sókè láti tàka, ó tún ká ìka kò.

Ó ké sí ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Asma, ìwọ ni kó o máa fún un lóúnjẹ láti òní lọ. Kò gbọdọ̀ mọ̀ mí."

Ó wá lọ jókòó sẹ́yìn ilé, níbi tí ẹyẹ ò ti lè rí i, ó ń retí kó kọrin.