Sáà Tí Mo Ṣe Ògbufọ̀ fún Atamátàsé Òyìnbó

Mo rántí ìgbà tí ó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni mo ń bá sọ Gẹ̀ẹ́sì ní gbogbo Bouaké, ìlú kan nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tí oòrùn ti sun ọrùn rẹ̀ di pupa, tí ó máa ń gbá ìgò omi méjì mọ́ra bí ẹni tí ó pọn ìbejì síwájú. Atamátàsé ni. Òun ni wọ́n ń fi sí iwájú pátápátá kí ó máa gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. Láti kékeré ló ti wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan nílùú wọn, kí wọ́n tó ní kí ó máa lọ. Aṣojú rẹ̀ wá sọ fún un pé ẹgbẹ́ kan wà ní ilẹ̀ Yúróòpù tí yóò gbà á, bí ó bá lè fi hàn níbì kan pé òun ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Bouaké ni ibì kan náà. Bí sáà yẹn bá parí tí kò rí góòlù gbá, kò sí ẹlòmíràn tí yóò pè é mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ń sọ iye aago tó lù.

Àjèjì ni èmi náà. Mo ti ka èdè Faransé gboyè ní yunifásítì nílé, mo sì ti ṣe ìṣirò pé ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kò ní wá iṣẹ́ tì láyé. Ìṣirò náà dára púpọ̀ lórí ìwé. Nígbà tí mo dé Bouaké, ìṣó àti àgádágodo ni mo ń tà nínú ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ọjà Ńlá, èdè tí àwọn oníbàárà sì fi ń dúnàádúrà ni Dioula, tí n kò gbọ́ ju orúkọ owó lọ. Nítorí náà, nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wá sí ìsọ̀ wa pé òun ń wá Anago kan, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, n kò bèèrè iye tí wọn yóò san. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìwọ tí ìyá rẹ ta ilẹ̀ rán níléèwé," ó ní, "òyìnbó lo wá fẹ́ máa gbé kiri bí àgbò iléyá. Máa lọ. Ṣùgbọ́n má gbàgbé òwe àwọn àgbà: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Mo sì fi tọmọ jẹ́ ẹ, bí mo ṣe rò ó nígbà náà. Ìlànà mi ni pé ohun tí wọ́n bá sọ ni n ó sọ, n kò ní fi kún un, n kò ní yọ níbẹ̀. Mo jókòó ní ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá pariwo, èmi náà á pariwo ní Gẹ̀ẹ́sì, àní títí dé orí èébú. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ṣe ń pé. Ní ìrọ̀lẹ́, a ó jọ jókòó sí iwájú yàrá tí wọ́n gbà fún un ní àdúgbò Commerce, lókè ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta ike, a ó máa wo àwọn alábàárù bí wọ́n ṣe ń kó ẹrù wọlé. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí mo bá fẹ́ sọ òtítọ́, àwọn ìrọ̀lẹ́ yẹn ni ohun tó sún mọ́ ọ̀rẹ́ jù lọ tí mo ní láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, n kò sì mọ̀ bóyá òun náà kà á sí bẹ́ẹ̀.

Lórí pápá, ọ̀rọ̀ kò lọ dáadáa. Ó ń sáré, ó ń bọ́ sí àyè tó yẹ, ó ń nawọ́ sókè, bọ́ọ̀lù kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn ìyókù kò rí i ni. Nígbà tó yá mo wò ó dáadáa, mo rí i pé wọ́n ń rí i. Wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á rí i, wọ́n á sì gbá bọ́ọ̀lù náà síbòmíràn. Àwọn èrò ìwòran ti ń pè é ní òpó iná, nítorí pé ó ga, ó sì dúró lóun nìkan.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìgbáradì, balógun ikọ̀ wá jókòó tì mí. Ọmọ ẹ̀yà Baoulé ni, láti ìlú Sakassou, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí gbogbo bọ́ọ̀lù máa ń ti ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá.

"Anago," ó ní, "òyìnbó rẹ yìí, ta ni?"

"Ṣé o kò mọ̀ ọ́n ni? Atamátàsé yín ni."

"Mo mọ nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀. Mo ní, ta ni?"

Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ń gbọn iyanrìn inú rẹ̀ dànù.

"Ọjọ́ tó dé, mo bi í ní ìròyìn rẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé ó ní gbogbo rẹ̀ wà dáadáa. Ṣé ẹni tí gbogbo rẹ̀ wà dáadáa fún ló máa ti ìlú òyìnbó wá jẹ àtíẹ́kẹ́ ní Bouaké?"

Mo rántí. Lóòótọ́ ni balógun bèèrè ìròyìn, ọmọ náà sì dáhùn pé gbogbo rẹ̀ wà dáadáa. Mo túmọ̀ rẹ̀ láìyẹ̀ lẹ́yọ ọ̀rọ̀ kan. Ohun tí n kò mọ̀, tí yunifásítì kò sì kọ́ mi, ni pé lọ́dọ̀ àwọn Baoulé, ìbéèrè náà kì í ṣe ìkíni lásán. Bí àlejò bá wọlé, wọn á fún un lómi, wọn á jẹ́ kí ó mí, lẹ́yìn náà wọn á bèèrè ìròyìn rẹ̀: ibi tó ti ń bọ̀, ohun tó lé e jáde, ohun tó gbé e dé. Àlejò ní ojú, kò fi ríran. Èmi náà wà lára àlejò ọ̀hún.

"Lọ́dọ̀ wa," balógun ní, "ẹni tí kò bá tíì sọ ìròyìn rẹ̀, kò tíì dé. Ẹni tí kò tíì dé, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sí i? Mú un wá lọ́jọ́ Àìkú. Ilé bàbá mi la ń lọ."

Bọ́ọ̀sì kékeré ló gbé wa lọ sí Sakassou. Bàbá náà ti darúgbó, ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú aṣọ tó ṣán mọ́ èjìká kan. Wọ́n gbé omi wá nínú ife. Aṣojú ọmọ náà ti kìlọ̀ fún un pé omi inú ìgò nìkan ni kí ó máa mu. Ó wo ife náà, ó wò mí, ó sì gbé e mu tán. Bàbá bèèrè ní Baoulé, balógun sọ ọ́ ní Faransé, èmi sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ọmọ náà ní, "Sọ fún un pé gbogbo rẹ̀ wà dáadáa."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, n kò túmọ̀ rẹ̀. Mo sọ fún un pé ìyẹn kì í ṣe èsì níhìn-ín. Mo ní ohun tó gbé e kúrò nílé ni bàbá ń bèèrè, kì í ṣe bóyá ara rẹ̀ le.

Ó gbé ife òfìfo náà kalẹ̀ sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti wà lọ́mọdé ni bàbá òun ti ń fi ọkọ̀ gbé òun lọ síbi ìgbáradì nínú òjò ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, tí àwọn á sì jẹun nínú ọkọ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n lé òun, bàbá òun ló wá gbé òun, kò sì sọ nǹkan kan títí àwọn fi délé. Ó ní àwọn méjèèjì kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn láàárín ara wọn ju bọ́ọ̀lù lọ, nígbà tí bọ́ọ̀lù sì tán, ọ̀rọ̀ tán. Ó ní òun kò wá sí Bouaké nítorí owó. Òun wá síbi tó jìn, kí bàbá òun má baà máa wo òun nígbà tí òun bá ń tàsé.

Mo sọ ọ́ ní Faransé. Balógun sọ ọ́ ní Baoulé, díẹ̀díẹ̀, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni.

"A ti gbọ́," ni bàbá wí. "O ti dé." Ó wá ní kí wọ́n mú adìẹ kan fún àlejò. Adìẹ náà já mọ́ àwọn ọmọdé lọ́wọ́, ọmọ náà sì dìde láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó lé e yí igi máńgòrò ká, ó lé e wọ ilé ìdáná, ó ṣubú lulẹ̀, adìẹ kọjá láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn obìnrin ilé di ikùn mú. Bàbá sọ ohun kan, balógun ò sì tètè lè túmọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀rín, kí ó tó ní:

"Bàbá ní ìgbà tí adìẹ ń tàn án jẹ báyìí, kí làwa ń retí kí ó ṣe fún aṣọ́lé?"

Mo túmọ̀ ìyẹn láìyọ nǹkan kan. Ọmọ náà jókòó nínú eruku, ó rẹ́rìn-ín. N kò rí i kí ó rẹ́rìn-ín rí.

Kí a tó dìde, bàbá kọjú sí mi. Ìwọ ńkọ́, kí ni ìròyìn? Mo ní kò sí, ògbufọ̀ lásán ni mí.

Balógun ní, "Bàbá ní òun kò tíì rí ògbufọ̀ tí kì í purọ́."

N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọjọ́ yẹn ló yí ohun gbogbo padà. Ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ ti ń mọ ooru. Ó lè jẹ́ pé àwọn ikọ̀ tí a bá pàdé lẹ́yìn náà kò le. Ohun tí mo rí ni pé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, balógun gbójú sókè, ó rí i, ó sì gbé bọ́ọ̀lù fún un. Góòlù rẹ̀ àkọ́kọ́ kò lẹ́wà. Ojúgun ló fi gbá a. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n ń kígbe "Adìẹ! Adìẹ!" ní Faransé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá wọn wọlé. Ó ń bọ gbogbo wọn lọ́wọ́ láràárọ̀, ó ń bèèrè ìyàwó, ó ń bèèrè ọmọ, pẹ̀lú Dioula tí ó ti pọ̀ ju tèmi lọ. Lálẹ́, òun àti wọn ló ń jẹun. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀ dáadáa, iṣẹ́ a máa tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ó rí. Mo jókòó ní ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, kò sì sí ohun tí mo fẹ́ túmọ̀ mọ́.

Nígbà tí sáà parí, ẹgbẹ́ Yúróòpù náà mú un. Àárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó sọ fún mi pé bàbá òun pè òun lórí fóònù, pé ọ̀rọ̀ adìẹ nìkan ni àwọn sọ títí káàdì fi tán. Ó gbá mi mọ́ra, ó sì wọ ọkọ̀ láàárín ariwo àwọn yòókù. Ó kọ̀wé sí mi lórí fóònù nígbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di kí ó máa fi àmì àtàǹpàkò ránṣẹ́ nìkan. N kò dá a lẹ́bi. Ẹni tó ti dé níbòmíràn ni.

Mo padà sídìí ìṣó. Lọ́jọ́ Àìkú kan, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Sakassou. Balógun ò sí nílé. Bàbá nìkan ló wà lábẹ́ igi rẹ̀. Wọ́n fún mi lómi, mo mu ún. Ó bi mí ní Baoulé, kò sì sí ẹni tí yóò túmọ̀ fún wa. Mo rò ó, Faransé kò wúlò, Gẹ̀ẹ́sì kò wúlò. Ni mo bá la ẹnu, mo sì fi Yorùbá sọ ọ́: ilẹ̀ tí ìyá mi tà, ìwé tí mo kà, bí mo ṣe máa ń purọ́ fún un lórí fóònù pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa, bí ó ṣe ń rí láti wà nínú ọjà tó kún fọ́fọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ju pé Anago ni mí. Bàbá náà ń gbọ́, ó ń mi orí, ó ń dáhùn "ẹ̀n" níbi tí ó yẹ kí ènìyàn ti dáhùn gan-an.

Lónìí, mo ń kọ́ àwọn ọmọ oníṣòwò ní Faransé nínú yàrá kan ní Commerce. Àwọn ènìyàn a máa bi mí bóyá òótọ́ ni pé mo mọ atamátàsé yẹn, mo sì máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni, níwọ̀n. Ní ti ọjọ́ Sakassou kejì, mo ti wò ó síwá sẹ́yìn, n kò tíì mọ̀ bóyá ẹni tó sọ ìròyìn rẹ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ ti sọ ọ́ lóòótọ́. Ohun tí mo lè jẹ́rìí sí kò pọ̀. Nígbà tí mo wọ bọ́ọ̀sì padà sí Bouaké, mo gbé orí lé gíláàsì, mo sì sùn títí a fi dé, bí ẹni tó ń lọ sílé.