Ìyàwó Mi àti Àtẹ̀gùn Ilé Ọmọ Wa

Irun ni ìyàwó mi ń dì, aṣọ ni èmi ń rán, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín ṣọ́ọ̀bù wa. Bí mo bá ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ohùn rẹ̀ ni mò ń gbọ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń lọ lórí irun ni ẹnu rẹ̀ náà ń lọ. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Rédíò, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Ẹni tó bá ní àṣírí lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ gbé orí síwájú rẹ̀.

Àtẹ̀gùn ló wá dojú ti Rédíò. Àbíkẹ́yìn wa obìnrin ń gbé ní àjà kẹrin ilé kan tí kò ní ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè, ó sì ti lóyún. Nígbà tí a lọ kí i, àjà kejì ni ìyàwó mi jókòó sí, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọmọ ló sọ̀ kalẹ̀ tòun ti oyún láti wá kí wa lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá rẹ̀ gan-an. Nígbà tí a délé, ó ní bí wọ́n bá bí ọmọ yẹn, ẹsẹ̀ òun ni òun máa fi gun ilé náà dé òkè, ọwọ́ òun ni òun sì máa fi gba ọmọ náà nínú yàrá tí wọ́n bá tẹ́ ẹ sí.

Dókítà tó ń fún un lóògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó lè ṣe eré ìdárayá, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ó kìlọ̀ fún un pé oògùn rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọkàn sáré bó ṣe yẹ kó sáré, nítorí náà kó má gbẹ́kẹ̀ lé iye ìgbà tí aago ọwọ́ bá kà pé ọkàn rẹ̀ lù. Èémí rẹ̀ ni kó máa ṣọ́. Bó bá ń ṣe eré náà tó ṣì lè sọ gbólóhùn kan tán láì gé e sí méjì, ó wà níwọ̀n. Bí kò bá lè sọ ọ́, kó dẹwọ́. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, ó ní tó bá jẹ́ ti ọ̀rọ̀ sísọ ni, òun ti yege kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò.

Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ń kọ́ àwọn àgbà ní eré ìdárayá nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé àdúgbò wa. Mo bá a lọ, kí wọ́n má baà sọ pé mo ti ìyàwó mi síwájú ogun. A ó tẹ kẹ̀kẹ́ tí kì í kúrò lójú kan, a ó bọ́ sídìí irin gbígbé, a ó máa gun àpótí kan sókè sódò, a ó wá rọra rìn yí gbọ̀ngàn ká kí ọkàn lè rọlẹ̀, kí a tó tún bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ń gbé irin, nọ́ọ̀sì ní kí a máa mí jáde, kí a má sé èémí. Irin tó kéré jù ni mo mú, díẹ̀ ló kù kó gbé èmi.

Rédíò ń tẹ kẹ̀kẹ́, ó ń ròyìn. Ó ń gbé irin, ó ń ròyìn. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ti jẹ́ olùkọ́ ìṣirò rí, tó fẹ́ràn kó máa ka iye ìgbà tó bá gbé irin. Ìròyìn ìyàwó mi a máa da kíkà rẹ̀ rú, á tún padà sí oókan. Lọ́jọ́ kan ó fi pẹ̀lẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó bá àwọn dín ọ̀rọ̀ kù. Inú bí ìyàwó mi. Ó pa ẹnu dé, gbogbo gbọ̀ngàn sì dákẹ́ rọ́rọ́.

Ẹni tó ń bínú kì í tètè mọ̀ pé ó ti rẹ òun. Ó fi ìbínú tẹ kẹ̀kẹ́, ó fi ìbínú gun àpótí, kò sinmi láàárín. Aago tí ọmọ wa ọkùnrin rà fún un, tó yẹ kó dún bí ọkàn bá sáré jù, wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò dún rárá, ohun tí dókítà sọ gan-an nìyẹn. Nígbà tó gbé irin, mo rí i pé ètè rẹ̀ ti ṣì bí aṣọ tó ti gbó. Mo bi í bóyá kò sí nǹkan. Ó mi orí. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ obìnrin yìí, mi ò bi í ní ọ̀rọ̀ kan rí kó fi orí mímì dá mi lóhùn. Mo ké sí nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì gba irin lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í jókòó, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó bi í bóyá àyà ń dùn ún. Àyà kò dùn ún, òòyì ló ń kọ́ ọ. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ wálẹ̀, ó yíjú sí olùkọ́.

Ó ní, "Ẹ ti kà á dé mélòó?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àfi nọ́ọ̀sì. Ó ní kò gbọdọ̀ padà wá láì tíì rí dókítà, ó wá kọjú sí àwa yòókù.

Ó ní, "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa Rédíò yìí mọ́. Bó bá ṣì ń sọ̀rọ̀ já geere, ó wà níwọ̀n nìyẹn. Tó bá dákẹ́, ẹ pè mí."

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kó padà sídìí eré ìdárayá, kó ṣáà má bá ẹnikẹ́ni bínú lórí kẹ̀kẹ́. Láti ìgbà náà, olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló ń béèrè ìròyìn. Bí gbólóhùn bá ti ń já sí méjì lẹ́nu ìyàwó mi, á ní kó dẹwọ́. Bàbá náà mọ ọ̀rọ̀ gbogbo àdúgbò báyìí, kò sì ráyè ka irin mọ́.

Nígbà tí ọmọ wa bímọ, a lọ. Ẹ̀rù bà mí nísàlẹ̀ ilé yẹn. Ìyàwó mi di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn oníbàárà kan àti ìyá ọkọ rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e, mi ò gbọ́ ìtàn, ìparí gbólóhùn ni mò ń gbọ́. Ní àjà kẹta, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ó dúró, ó fẹ̀yìn ti ògiri títí ìtàn fi tún já geere, a sì ń bá a lọ. Ọmọ wa ní òun ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ilé ìdáná, òun sì ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀.

Ìyàwó mi wọlé, ó jókòó, wọ́n gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Ó bá dákẹ́.

Mo sáré dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Ìyá wọn, ṣé kò sí nǹkan?"

Ó mi orí. Mo wo ètè rẹ̀, kò ṣì rárá. Ẹkún ayọ̀ ló ń sun. Mo fa àga kan, mo jókòó tì í, mo ń dúró de ìròyìn.