Ọjọ́ Tí A Sá Kòkó sí Etí Òkun

Èmi ọmọ Ìkirè yìí, tí mi ò kàwé kọjá kíláàsì kejì, mo ti dé ibi tí ilẹ̀ parí sí. Mo ga ju báyìí lọ kí n tó rin ìrìn náà.

Ìyàwó ni mo ń wá. Ọmọ Apòmù ni. Bàbá rẹ̀ ní oko kòkó lọ́nà Ìkòyí, ó sì gbà pé gbogbo àwọn tó ń ra kòkó ní Gbọ̀ngán, olè ni wọ́n. Ó ti gbọ́ pé lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́, ilẹ̀ kan wà tó yọ imú sínú òkun, níbi tí òyìnbó fúnra rẹ̀ ti ń gba kòkó wọ ọkọ̀. Ló bá pè mí.

"Ìwọ ọmọ Ìkirè, tẹ̀ lé mi lọ. Bí kòkó yìí bá dé ọwọ́ òyìnbó láìbàjẹ́, wá gba ìyàwó ẹ. Bó bá bàjẹ́, má tún gba ojúlé mi kọjá."

A gun lọ́rì, a wọkọ̀ lórí ọ̀sà, a tún fẹsẹ̀ rìn. Ilẹ̀ náà rí bí ahọ́n: ọ̀sà lápá kan, òkun lápá kejì, iyanrìn àti igi àgbọn láàárín. Bí o bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, afẹ́fẹ́ á gbà á lẹ́nu ẹ, á gbé e lọ fún ẹlòmíràn.

Baba apẹja kan tó ń tún àwọ̀n ṣe ló ròyìn ibẹ̀ fún wa. Ó ní láyé àtijọ́, àwọn Potogí ló ń wá ra ẹrú níbẹ̀, lẹ́yìn wọn làwọn tó ń ra epo dé. Ọkọ̀ òkun kì í lè súnmọ́ ilẹ̀ nítorí ìgbì. Ọ̀ọ́kán ló ń dúró sí tí yóò máa fọn fèrè, káwọn ọkọ̀ kéékèèké tó fi àjẹ̀ la ìgbì kọjá lọ bá a. Àìmọye ni ìgbì ti dojú rẹ̀ dé. Egungun ọkọ̀ kan ṣì wà nínú iyanrìn, mo jókòó lé e.

"Látìgbà tí wọ́n ti tún ẹnu òkun Èkó ṣe, tí ọkọ̀ ńlá ń wọ ibẹ̀," ó ní, "ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọkọ̀ ń yà síbí. Ọ̀la ni ọ̀kan ń bọ̀."

Bàbá ìyàwó mi tọwọ́ bọ àpò kòkó tí a gbé wá, omi ọ̀sà ti ta sí i. Ó wo iyanrìn tó tẹ́ lọ rẹrẹ, tó gbóná bí agbada gaàrí.

"Irú ibi ìsákòkó wo nìyí? Àwọn yìí ò mọ ohun tí wọ́n ní."

A tẹ́ ẹní, a da kòkó lé e. Ó ní òun fẹ́ kírun, kóun sì rẹjú díẹ̀, kí n máa ṣọ́ òjò.

Ẹni tó bá dàgbà nídìí kòkó mọ iṣẹ́ yẹn: ojú sánmà là ń wò. Mo wò ó débi pé mo rí ẹ̀yìn oòrùn. Kò sí ìkùukùu kankan. Nílé wa, odò Ọ̀ṣun kì í kún láìsí òjò. Ta ni yóò sọ fún mi pé òkun ń kún nígbà tí ojú ọ̀run mọ́? Ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ mọ̀. Kí n tó wolẹ̀, ẹní ti ń gbé kòkó lọ sílùú òyìnbó.

"Bàbá, ẹ dìde, kòkó yín ń lọ."

"Òjò ni?"

"Rárá, òkun ni."

Ó sáré wọ omi tòun ti tẹ̀sùbáà lọ́rùn. Baba apẹja ju àwọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará òkè, ẹ ò rí ìdọ̀tí tí òkun gbé dé òkè ibẹ̀ lánàá ni? Ẹnu rẹ̀ lẹ lọ gbé oúnjẹ sí."

A rí ìdajì kó. Ẹja ló jẹ ìyókù. Mo bá kóró kòkó kan nínú ikùn ẹja tí a sè lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ti hù.

Lọ́jọ́ kejì, òyìnbó fi ọ̀bẹ la kóró kan, ó fẹnu kàn án, ó tutọ́ sílẹ̀, ó ní iyọ̀ kọ́ làwọn wá rà.

Nígbà tí a ń wọ Apòmù bọ̀, Bàbá bi mí.

"Kí la fẹ́ sọ nílé?"

"Ohun tí ẹ bá ní kí n sọ ni, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ ní ká sá a síbẹ̀."

"Ìwọ lò ń ṣọ́ ọ."

"Òjò lẹ ní kí n ṣọ́. Òjò ò sì rọ̀."

Bàbá sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Báwo lọkọ̀ òkun ṣe ń rì?"

Mo ní kí Bàbá fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, níwájú gbogbo agboolé, mo fẹnu ri ọkọ̀ kan. Mo gbé ìgbì tó ga ju mọ́ṣáláṣí lọ dìde, mo jẹ́ kí Bàbá fọwọ́ kan di okùn mú, kí wọ́n sì fọwọ́ kejì fa òyìnbó méjì yọ. Mo ní kòkó dé ọwọ́ òyìnbó láìbàjẹ́, òkun ló gbà á lọ́wọ́ wọn. Bàbá kàn ń mi orí pé òótọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n dá mi dúró, láti sọ pé òyìnbó mẹ́ta ni. Lọ́sẹ̀ yẹn náà, wọ́n so yìgì wa.