Ìlà Keje

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń sọ fún bàbá onítírélà kan, tó ń sùn lórí ẹní ní géètì ọ́fíìsì wa ní èbúté Àpápá, pé kọ̀ńténà wọn kò tíì dé. Mi ò wá a dáadáa nínú kọ̀ǹpútà. Ó ti sú mi.

Lọ́jọ́ kẹrin, ọ̀gá mi obìnrin kọ fọ́ńṣọ̀n kan, àṣẹ kékeré tó ń bá ènìyàn wá nǹkan, sínú dátábéèsì tí a ń kó àkọsílẹ̀ kọ̀ńténà sí.

“Ọmọ Ajégúnlẹ̀,” ó pè mí, “orúkọ ọkọ̀ ojú omi nìkan ni kó o fún fọ́ńṣọ̀n náà. Má rojọ́ fún un.”

Mo tẹ orúkọ ọkọ̀ tó ń kó ẹrù bàbá náà. Gbogbo kọ̀ńténà ọkọ̀ náà tò jáde ní ìlà-ìlà, bí ìwé tí ẹnìkan ti jókòó kọ, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́. Ẹnu mi ò padé. Ìlà keje ni ti bàbá: ó ti dé láti ọjọ́ Ajé.

Mo lọ bá wọn ní géètì.

“Ẹ má bínú, sà. Ó ti dé tipẹ́. Èmi ni mi ò wò ó.”

Wọ́n ká ẹní wọn.