Àmì Funfun Inú Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Apá òsì ẹnu ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń fi sìgá sí. Káfíńtà ni wọ́n ní Ìfọ̀, ọwọ́ wọn méjèèjì ló sì máa ń wà lára pákó, nítorí náà sìgá kì í kúrò níbẹ̀ títí iná á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ètè wọn. Bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń rí ohun funfun kan lápá ibẹ̀, bí ìgbà tí ògì bá gbẹ mọ́ ara igbá. Mo rò pé oúnjẹ ni.

Ogun abẹ́lé ti parí ní nǹkan bí ọdún márùn-ún nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń rán mi nílé ìwé. Ó ti pẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti ń fá irùngbọ̀n nígbà tí mo dé kíláàsì kẹta ní girama. Lọ́jọ́ kan, tíṣà sáyẹ́ǹsì fún wa ní igi pẹlẹbẹ pé kí a fi ha inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wa, kí a wo ohun tí a bá ha nínú maikirosíkóòpù. Mo rí àwọn nǹkan bí ìwé tí wọ́n fà ya, ẹyọ dúdú kan láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń jẹ́, àwọn ló tẹ́ inú ẹnu wa. Ó ní èéfín sìgá máa ń jó wọn, ibẹ̀ á le bí àtẹ́lẹwọ́ àgbẹ̀, á funfun, kò sì ní ṣeé nù kúrò. Bó bá pẹ́, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í hù bó ṣe wù wọ́n, kó di jẹjẹrẹ.

Mo délé, mo ń ṣàlàyé bí ẹni pé èmi ni mo dá sẹ́ẹ̀lì sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń fá pákó lọ. Nígbà tó yá, wọ́n ní, “Bí tíṣà yín bá fojú ara rẹ̀ wò ó, tó ní kí n jáwọ́, mo jáwọ́ lọ́jọ́ náà. Ìwọ kọ́ lo máa sọ fún mi.”

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n wá tún àga ilé ìwé wa ṣe. Mo sáré lọ pe tíṣà. Ẹ̀gbọ́n mi yọ sìgá, wọ́n la ẹnu sínú oòrùn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní kí tíṣà bá àwọn ka eyín ọ̀gá àwọn, bóyá ó pé. Tíṣà wò ó pẹ́. Mo rí ojú rẹ̀. Ó mọ ohun tó rí.

“Kò sí nǹkan kan, bùọ̀dá,” ló wí. “Ẹ máa fi omi iyọ̀ yọ ẹnu.”

Ẹ̀gbọ́n mi na páálí sìgá sí i. Tíṣà mú ọ̀kan. Wọ́n ní kí n ṣáná. Mo ṣá a fún àwọn méjèèjì.

Nígbà tí mo bi tíṣà léèrè, ó ní ọkùnrin náà dàgbà ju òun lọ, òun ò lè dójú tì í níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní òun á bá a sọ ọ́ tó bá yá. Kò sọ ọ́. Èmi náà dákẹ́, mo ń dúró dè é.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú, ó sì dá ihò síta. Dókítà kan l'Abẹ́òkúta béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti wò ó rí. Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ sí mi. “Tíṣà ọmọ yìí ti wò ó,” ni wọ́n fi ẹnu tó ti bàjẹ́ sọ. “Ó ní kò sí nǹkan.” Wọ́n ṣì ń fi mí yangàn. A sin wọ́n kí òjò ọdún náà tó dé.

Mo ti pé ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta báyìí. Ìyàwó mi bẹ̀ mí títí ó fi kú pé kí n dárí ji tíṣà náà. N kò tíì ṣe é. Tíṣà mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ ó fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní ọmọlúàbí. Ìwà ọmọlúàbí ló ní kí èmi náà ṣáná. Ní báyìí, ibi tí mo bá ti rí àgbà tó ń mu sìgá, mo máa ń ní kó jẹ́ kí n wo ẹnu rẹ̀. Wọ́n ní n kò lẹ́kọ̀ọ́. Lọ́dún tó kọjá, bàbá arúgbó kan gbá mi létí ní ibùdókọ̀ Mọ́wé, gbogbo èrò sì ń wò wá. N kò kúrò níbẹ̀.

“Bàbá,” ni mo wí, “ẹ la ẹnu.”